Gbólóhùn Tí N Kò Lè Sọ fún Ìyá Ràbí

Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò fi padà sí Kétu. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọkọ̀ ni kò tètè dé. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi mí sílẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Agége, ní ọdún kẹrin tí mo débẹ̀, tí kò jẹ́ kí n lè di ẹrù mi. Mo ti darúgbó báyìí, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ ti arúgbó mọ́. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Abẹ́ àwọn Faransé ni Kétu wà nígbà náà. Yorùbá ni wá, ọmọ Alákétu, kò sí ẹni tó sọ fún wa pé a kì í ṣe Yorùbá títí mo fi dé Agége. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé "ọmọ Faransé" ni mí. Mo bi obìnrin kan ní ọ̀nà ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rín jẹ. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá lọ sí ilẹ̀ Haúsá yóò kọ́ èdè tuntun, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ènìyàn lè dé ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè tirẹ̀ gan-an kó sì di odi. Fún oṣù mẹ́rin, bí mo bá fẹ́ ra iyọ̀, ìka ni mo ń nà sí i.

Ìyá Ràbí ló gbà mí sílé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, obìnrin gíga, adúmáadán, opó tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ràbíátù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti bá ọkọ lọ sí Jọ́ọ̀sì. Àká obì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége, níbi tí àwọn Haúsá oníṣòwò ti ń di obì lọ sí òkè ọya, Ìyá sì ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣa obì níbẹ̀. Mo lọ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, gbogbo àká bú sẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ni kò rín. Wọ́n ti apẹ̀rẹ̀ kan sọ́dọ̀ mi.

"Jókòó. Obì ò gbọ́ èdè kankan."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sùn sí yàrá wọn, lórí ẹní kan náà.

Ìyá kọ́ mi ní obì. A máa ń bó o, a máa ń fọ̀ ọ́, a máa ń ṣà á, a óò wá fi ewé gbòdógì tẹ́ apẹ̀rẹ̀ kí obì má baà gbẹ kó tó dé Kánò. Kòkòrò ni ọ̀tá wa. Èyí tí kòkòrò ti jẹ kò ní wàhálà, ihò wà lára rẹ̀, ọmọdé á rí i. Èyí tí kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin sí ni iṣẹ́. Ara rẹ̀ á máa dán. Ìyá á gbé e sójú oòrùn, wọ́n á yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, wọ́n á fi èékánná kan ibì kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. "Wò ó níbí." Tí a bá gé ibi kékeré yẹn kúrò lọ́jọ́ náà, ìyókù obì ṣì wúlò. Tí a bá fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kẹta, a ó da gbogbo apẹ̀rẹ̀ nù ni.

Àwọn ọmọ mi lè fi fóònù bá ẹni tó wà ní òkè òkun sọ̀rọ̀ lónìí kí wọ́n sì máa jẹun lọ. Ní ìgbà tèmi, ẹnu awakọ̀ ni fóònù wa. Ọmọ Kétu kan wà tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù gba Ìdìròkò kọjá, òun la fi ń ránṣẹ́ nítorí èmi kò mọ̀wé kọ, ìyá mi kò sì mọ̀wé kà. Mo ní kó sọ fún ìyá mi pé ara mi le, pé mo ti rí ìyá kan níbí tó ń tọ́jú mi bí ọmọ. Ó tó oṣù kan kí èsì tó dé. Awakọ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ìyá rẹ ní kí o bá àwọn kí ìyá rẹ."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Inú mi bàjẹ́. Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo fi ránṣẹ́. Bí ènìyàn bá jìnnà sílé, ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú lè jẹ́ ohun tí yóò pa ẹni tó fi sílẹ̀ lẹ́kún. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń ránṣẹ́ sílé, n kì í dárúkọ Ìyá Ràbí mọ́. Tí mo bá sì wà lọ́dọ̀ Ìyá Ràbí, n kì í sunkún ilé. Mo wá dà bí ẹni tó ní ilé méjì tó ń sùn sí ìloro.

Ní ọdún kejì, Ìyá bá mi bẹ ẹnì kan, mo rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkẹjà, ní apá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tuntun. Ilẹ̀ ni mo ń fọ̀, mo sì ń se àwọn irin dókítà nínú omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní gáàùn funfun! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, Ìyá ní dandan kí n gba inú àká kọjá. Àwọn obìnrin tó ti fi ohùn mi ṣẹ̀fẹ̀ dìde. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì." Èmi tí mò ń fọ ilẹ̀! Ìyá kò wo ojú ẹnikẹ́ni, wọ́n ń ṣa obì wọn lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí inú apẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá mi ni obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí gbogbo wa ń pè ní Sístà. Òun àti dókítà wa, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ni wọ́n gbé àyẹ̀wò tuntun kan kalẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ti bímọ. Sístà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí mo ṣe ń nu tábìlì. Ó ní kí jẹjẹrẹ tó mú ẹnu ilé ọmọ, ọdún púpọ̀ ṣáájú ni ara ibẹ̀ á ti máa yí padà, ojú kò ní rí i, kò sì ní dun obìnrin náà rárá. Dókítà á fi igi pẹlẹbẹ kan rọra ha ibẹ̀, á fi ohun tó bá ha kúrò pa ojú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, á rì í sínú sípíríìtì. Wọ́n á gbé e wọ rélùwéè lọ sí Èkó, ẹnì kan á fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Bí àmì bá ti wà níbẹ̀, dókítà á gé ibi kékeré náà kúrò, obìnrin náà á sì di arúgbó.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Ìyá lọ́jọ́ náà. N kò tíì parí rẹ̀ tí wọ́n fi ní:

"Ẹyin kòkòrò ni wọ́n ń wá."

Mo sọ fún Sístà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní òun kàwé ọdún mẹ́ta kí òun tó lóye ohun tí ìyá olóbì lóye yìí.

Èmi ni wọ́n ń rán lọ pe àwọn obìnrin náà ní Agége. Sístà fún mi ní gbólóhùn mẹ́ta, ó ní kí n kà á sórí. Èkíní, kí wọ́n wá ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Èkejì, kí wọ́n má sùn ti ọkọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀kẹta, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà, kí wọ́n má fi ohunkóhun fọ inú abẹ́, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe álọ́ọ̀mù, ìbáà ṣe omi ọsàn wẹ́wẹ́.

"Ẹ̀kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù," ni Sístà wí. "Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ohun tí à ń wá ti bá omi lọ. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, mà.

Ilé àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni mo bá tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ èkíní. Mo fi èkejì ṣe ẹ̀fẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí bàbá sinmi fún ọjọ́ méjì. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá ti sinmi láti ìgbà ogun Hitila. Ó wá ku ẹ̀kẹta. Mo la ẹnu, kò jáde.

Ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣòro ju bí a ti ń sọ ọ́ yìí lọ. Ọmọ ogún ọdún, àjèjì, ọmọ Faransé tí ahọ́n rẹ̀ lọ́, kúnlẹ̀ síwájú abiyamọ tó tó ìyá àgbà rẹ̀, kó wá sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọ abẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa èébú nìyẹn, kò sí orúkọ mìíràn tó ní. Wọ́n sì fẹ́ lọ tú ìhòòhò sílẹ̀ níwájú ọkùnrin tí wọn kò mọ̀ rí! Obìnrin wo ni yóò gbé ìdọ̀tí ọjọ́ méjì lọ síbẹ̀? Bí ìyá mi bá gbọ́ pé mo sọ irú rẹ̀ fún àgbà, wọ́n á ní Agége ti bà mí jẹ́. Mo gbé gbólóhùn náà mì. Mo sọ fún ara mi pé àìsàn wo gan-an ni omi lè fọ̀ lọ? Bí omi bá sì lè fọ̀ ọ́ lọ, ṣé kì í ṣe ohun rere ni?

Bí mo ṣe wọ ilé kejì nìyẹn, àti ilé kẹta. Àwọn ìyàwó kéékèèké méjì tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni mo sọ ọ́ fún. Àwọn àgbà, n kò sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Ìyá Ràbí ni ẹni tí mo fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò jù. Nǹkan oṣù ti dá lára wọn láti bí ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn, ẹ̀jẹ̀ tún yọjú, ó kàn ń kán díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin inú àká gbọ́, wọ́n sọ ọ́ di àwàdà. "Ìyá Ràbí ti padà di ọmọge o!" Ìyá náà á ní, "Ẹ bá mi wá ọkọ, kó má jẹ́ oníṣòwò obì ṣáá o." Ìrun nìkan ló ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n bi Áàfáà léèrè, Áàfáà ní ẹ̀jẹ̀ àìsàn kì í dí ìrun lọ́wọ́, kí wọ́n ṣáà máa fọ ara mọ́ kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá. Ìyá bá ra álọ́ọ̀mù. Álọ́ọ̀mù máa ń fún ibẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì dá fún wákàtí mélòó kan. Ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, nítorí Ọlọ́run.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Ìyá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń ká aṣọ.

"Ọmọ Kétu, ọ̀la ni dókítà yẹn. Ṣé kí n wẹ̀ dáadáa?"

Ìbéèrè ni wọ́n bi mí. Kò di dandan kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fúnra mi, àwọn ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. Gbogbo ohun tó kù ni kí n ní rárá, mà. Mo wo ojú wọn. Mo rántí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tì sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ̀ẹ́n, mà," ni mo wí.

Èmi ni mo gbé omi kaná. Èmi náà ni mo lọ álọ́ọ̀mù.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí dókítà ṣe tán, Sístà gbé gíláàsì Ìyá sókè sí ojú fèrèsé. "Ti ìyá yìí mọ́ o," ó wí, ó sì rì í sínú sípíríìtì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìwé dé láti Èkó. Sístà kà á fún wa: wọn kò rí nǹkan. Ti Ìyá bẹ́ẹ̀, ti àwọn àgbà yòókù bẹ́ẹ̀. Ìyá dín àkàrà, wọ́n fi ṣe sàráà fún gbogbo àká. Wọ́n ní kí n gbàdúrà ní èdè Kétu, mo gbà á, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo rò lọ́jọ́ náà pé mo ti di ará ilé. Mo jẹ àkàrà mẹ́rin.

Bí ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ṣe kọjá nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tún dé, Ìyá á ní ìwé Èkó sọ pé kò sí nǹkan, wọ́n á sì fi álọ́ọ̀mù sí i. Wọ́n ń rù. Ẹ̀yìn ń ro wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí sínú yàrá, mo rò pé nítorí ẹ̀fọn ni. Ọjọ́ kan tí a jọ wà ní àká nígbà tí mo gba ìsinmi, Ìyá dìde láti gbé apẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé ewé gbòdógì tí wọ́n jókòó lé ti pupa.

Mo mú Ìyá lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, Sístà kò sì jẹ́ kí n dúró níta. Iná mànàmáná ti lọ, wọ́n ní kí n wá bá àwọn di tọ́ọ̀ṣì mú. Dókítà ti òwú bọ inú oògùn dúdú kan, ó fi kun ẹnu ilé ọmọ náà. Sístà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ara tó dára á mu oògùn náà, á ṣú bí obì tó gbó. Ara tí àrùn wà nínú rẹ̀ kò ní gba àwọ̀. Mo ń gbàdúrà sí oògùn náà pé kó mu ún. Ó mu ún ní etí níhìn-ín, ó mu ún díẹ̀ lọ́hùn-ún. Gbogbo àárín rẹ̀ funfun báláú. Ìmọ́lẹ̀ náà yẹ̀ kúrò níbẹ̀, dókítà sì sọ fún mi ní pẹ̀lẹ́ pé kí n rọra dì í mú.

Níta, Sístà bi mí.

"Nígbà gíláàsì àkọ́kọ́, ṣé ìyá yìí fọ inú ni?"

"Rárá, mà."

"O sọ fún wọn?"

"Mo sọ fún wọn, mà."

Ó wọlé lọ. Mo purọ́ láìronú rárá, bí ẹni tó fa ọwọ́ kúrò nínú iná.

Dókítà ní ó ti kọjá ohun tí a lè gé. Ìtọ́jú kan ṣì kù, àmọ́ òkè òkun ló wà. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn kan níbẹ̀, n kò mọ̀ bóyá wọ́n dá a lóhùn. A ránṣẹ́ sí Ràbí ní Jọ́ọ̀sì. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, kò lè wọ rélùwéè. Bó ṣe ku èmi pẹ̀lú Ìyá nìyẹn.

N kò mọ bí mo ṣe lè ròyìn àwọn oṣù yẹn. Mò ń fọ aṣọ. Mò ń se ẹ̀kọ mímu tí wọn kì í mu tán. Àwọn obìnrin inú àká ń wá, wọ́n á jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn nítorí òórùn, wọ́n á sọ pé Ọlọ́run á ṣe é, wọ́n á lọ. Awakọ̀ wa dé, ó ní ìyá mi ní kí n máa bọ̀ nílé, pé ọkùnrin kan ń bèèrè mi. Mo ní kó sọ pé ọwọ́ mi dí. Kí ni mo lè sọ? Ní Kétu, n kò lè sọ ohun tí mo ṣe. Ní Agége, wọ́n ń yìn mí! "Ọmọ Faransé yìí mà gbìyànjú o. Ọmọ ẹni ò ṣe tó bẹ́ẹ̀." Bí wọ́n bá ti yìn mí, mo máa ń gbé aṣọ fífọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ó kọjá agbára mi ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Mò ń pààrọ̀ aṣọ lábẹ́ Ìyá, Ìyá sì sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kan tí n kò lè gbà. "Ọlọ́run á fi ọmọ tó máa tọ́jú ẹ bí o ṣe ń tọ́jú mi ta ẹ́ lọ́rẹ." Mo bú sẹ́kún, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: gbólóhùn mẹ́ta, omi gbígbóná, álọ́ọ̀mù, irọ́ tí mo pa fún Sístà.

Mo gbé orí sókè láti wò bóyá Ìyá ti sùn. Wọn kò sùn. Ìka wọn ń rìn lórí aṣọ ìbora.

"Mélòó?"

"Mélòó kí ni, mà?"

"Àwọn àgbà tí o lọ pè. Mélòó lo sọ ọ́ fún nínú wọn?"

"Kò sí, mà."

"Kò sí ẹnì kankan?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà."

"Ìyá ẹlẹ́gùúsí. Àwọn méjì tó wà lójúlé alágbẹ̀dẹ. Ìyá Sàká." Ìka ni wọ́n fi ń kà wọ́n. Wọ́n kà á dé mọ́kànlá. "Gbogbo wọn ló gba ìwé pé kò sí nǹkan. Bíi tèmi."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Láti ọjọ́ tí mo ti rí ara funfun yẹn lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ti ń sunkún lé lórí. Ọkàn mi kò tilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn mọ́kànlá yòókù rí.

"Lọ bá wọn," ni Ìyá wí. "Kí wọ́n lọ gba gíláàsì mìíràn. Kí wọ́n má wẹ̀."

Mo lọ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn tán ná. Sístà ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó gbá mi létí, ó wá jókòó sórí àga dókítà, ó bo ojú, ó sunkún. Kò lé mi, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò rán. Mo wọ gbogbo ilé náà. Ìyá ẹlẹ́gùúsí da omi ìfọ́wọ́ sí mi lára, wọ́n ní ọmọ tí kò nílé ni mí. Ọkọ ẹnì kan ní kí n má wọ àgbàlá òun mọ́ láé. Ẹnì kan ti padà sí Ìsẹ́yìn, n kò rí i mọ́ títí dòní. Ẹni mẹ́rin gbà. Wọ́n rí àmì lára Ìyá Sàká, wọ́n sì rí i ní àkókò. Mo pàdé rẹ̀ lọ́jà Agége lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó sanra, ó ń bú ẹlẹ́ran. Nípa àwọn tó kù, n kò lè sọ ohunkóhun. Bí mo bá gbọ́ pé wọ́n sin ìyá kan ní àdúgbò yẹn, n kì í bèèrè ohun tó pa á. Ọdún kan ni mo fi ń sọ fún ara mi pé kí n dé ilé kan sí i kí n tó lọ sí Kétu, ọdún náà sì di gbogbo ayé mi.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, n kò tíì dìde lórí ilẹ̀. Mo ní:

"Ìyá, mi ò lè sọ ọ́ fún wọn. Ẹnu mi ò gbà á."

"Sọ ọ́ fún mi."

"Mà?"

"Gbà pé ọ̀la ni dókítà. Gbà pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wá pè mí. Sọ ọ́ bí Sístà ṣe ní kí o sọ ọ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, ohùn mi kò jáde. Ìyá ní àwọn ò gbọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ahọ́n Kétu tí mo ti fi ọdún mẹ́rin tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló jáde, mo sì jẹ́ kó máa jáde.

"Ìyá, ẹ dákun, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ má fọ inú abẹ́. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi álọ́ọ̀mù sí i. Bí ẹ ṣe wà gan-an ni kí ẹ ṣe wá."

Ìyá Ràbí ń wo àjà. Wọ́n ti fúyẹ́ débi pé aṣọ ìbora fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ènìyàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n sì dá mi lóhùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò jí lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la.

"Ó dáa, ọmọ mi. Mi ò ní fọ̀ ọ́."